Ẹ Bi Wá Léèrè: Bí A Ṣe Lè Pe Ẹbí àti Ọ̀rẹ́ Síbi Gbígbé Irin

Láàárín àwọn lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa nípa eré ìdárayá, mẹ́ta jọ ń béèrè ohun kan náà: ẹni tó ti ń gbé irin, tó sì ti rí àǹfààní rẹ̀ lára, báwo ló ṣe lè mú àwọn èèyàn rẹ̀ dání? Ìdáhùn sí lẹ́tà àkọ́kọ́ gùn ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí ọ̀rọ̀ àgbà ló wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 68 ni ìyá mi, ọ̀dọ̀ wa ní Ìbàdàn ni wọ́n sì ń gbé. Orúnkún ń dùn wọ́n, bí wọ́n bá sì jókòó sórí àpótí, àfi kí wọ́n di ògiri mú kí wọ́n tó lè dìde. Mo ń gbé irin ní jíìmù àdúgbò wa, ó sì dá mi lójú pé yóò ṣe wọ́n láǹfààní, àmọ́ ìgbàkígbà tí mo bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ alágbàṣe ni mo fẹ́ fi àwọn ṣe lọ́jọ́ ogbó, pé ìsinmi ló tọ́ sí àwọn. Kí ni kí n sọ fún wọn? — Ọmọ Màmá, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ohun tí Màmá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ rárá. Obìnrin tó ti ru igi, tó ti pọn omi, tó ti gún iyán, tó sì ti pọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti gbé ohun tó wúwo ju irin jíìmù lọ, a kò sì lè dá a lẹ́bi bó bá gbà pé ìsinmi ni èrè gbogbo làálàá yẹn. Nítorí náà, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn lórí ìsinmi. Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé kí ìsinmi náà lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni ẹ ń ṣe ń wá agbára fún wọn: kí wọ́n lè dìde lórí àpótí láìdi ògiri mú, kí wọ́n lè dá wọ balùwẹ̀ kí wọ́n sì dá jáde, kí wọ́n lè gbé ọmọ-ọmọ wọn láìbẹ̀rù pé àwọn yóò ṣubú.

Bí èèyàn bá ti pé nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ara rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ní ìwọ̀n 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì máa ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Bí orúnkún bá ń dun èèyàn, yóò máa jókòó. Bó bá ti ń jókòó, iṣan itan yóò rọ. Bí iṣan itan bá sì rọ, wàhálà tó yẹ kí iṣan gbà yóò dà lé oríkèé orúnkún, ìrora á tún pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń gba àwọn tí oríkèé orúnkún ń yọ lẹ́nu nímọ̀ràn pé kí wọ́n mú iṣan itan wọn lágbára, dípò kí wọ́n máa fi ìjókòó ṣe oògùn.

Bí Màmá bá ní ó ti pẹ́ jù fún àwọn, ẹ sọ fún wọn nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lọ́dún 1990. Àwọn arúgbó mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn wà ní nǹkan bí 90 ọdún, tí ara wọn kò le, tí wọ́n sì ń gbé ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lábẹ́ àbójútó. Ẹnì kan kò lè parí rẹ̀. Ní ti àwọn mẹ́sàn-án tó kù, agbára iṣan itan wọn lọ sókè ní ìpíndọ́gba 174 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn méjì nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láìlo ọ̀pá mọ́. Ọmọdé ni Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wọ̀nyẹn.

Ẹ má tíì mẹ́nu kan jíìmù. Ẹ wá àga onígi tó ga díẹ̀, kí ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri kó má baà yọ̀. Kí Màmá jókòó sí apá iwájú àga náà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, kí wọ́n ká apá sí àyà, kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí wọ́n máa mí síta bí wọ́n ṣe ń dìde, kí wọ́n sì rọra jókòó padà láìjẹ́ kí ìdí já lu àga. Bí ìyẹn bá le jù, kí wọ́n fi ọwọ́ ti apá àga. Kí wọ́n ṣe é bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí ìyẹn bá ti rọrùn fún wọn ni kí ẹ fún wọn ní ìgò omi onílítà kan ààbọ̀ pé kí wọ́n gbá a mọ́ àyà bí wọ́n ṣe ń dìde. Kílò kan ààbọ̀ nìyẹn, wọ́n sì ti ń gbé irin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ bá wọn ṣe é ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Bí ọmọ bá dúró lókè orí ìyá rẹ̀ tó ń sọ pé “Ẹ dìde, ẹ jókòó,” àṣẹ ló ń pa, kò sì sí ìyá wa tó fẹ́ kí ọmọ òun máa pàṣẹ fún òun. Ẹ gbé àga tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, kí ẹ sì wí pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka iye tí mo bá ṣe.” Ẹni tó bá ti ń kà fún yín lónìí kò ní pẹ́ tó fi máa fẹ́ dán an wò fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá ní ilé ìwòsàn. Bó bá wọ 180 lórí 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí dókítà kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí i. Kí wọ́n má ṣe sé èémí nígbà tí wọ́n bá ń dìde, nítorí èémí tí a sé máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójijì. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí dókítà mọ̀ pẹ̀lú, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò, ó sì lè já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí iṣan itan máa ro wọ́n lọ́jọ́ kejì kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ bí àyà bá ń dùn wọ́n, bí òòyì bá ń kọ́ wọn, tàbí bí nǹkan bá ń gún oríkèé wọn ṣàkà, kí wọ́n dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ wo àwo oúnjẹ wọn náà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń bu ẹran inú ọbẹ̀ tiwọn fún ọmọ-ọmọ, tí wọ́n á sì fi omi ọbẹ̀ jẹ àmàlà. Iṣan kò lè ti ibẹ̀ yẹn wá. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ni kí ẹ rí i pé wọ́n ń jẹ déédéé, àyàfi bí dókítà bá ti sọ pé kíndìnrín wọn fẹ́ ìṣọ́ra.

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Mo ti rọ àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì, Yorùbá bíi tèmi, pé ká jọ máa lọ sí jíìmù, ṣùgbọ́n wọ́n ní irin gbígbé máa ń sọ obìnrin di ọkùnrin, pé kì í sì í jẹ́ kí obìnrin tètè lóyún. — Àbíkẹ́, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn: Ìbẹ̀rù méjèèjì kò ní ìdí. Họ́mọ̀nù tó ń mú kí iṣan ọkùnrin tóbi, ìyẹn testosterone, kéré gan-an lára obìnrin sí bó ṣe pọ̀ tó lára ọkùnrin, èyí ló fà á tí obìnrin fi lè lágbára púpọ̀ láìjẹ́ pé ara rẹ̀ wú. Ẹ ní kí wọ́n wo Adijat Olarinoye, ọmọ Nàìjíríà tó gba góòlù níbi Ìdíje Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ní Birmingham lọ́dún 2022: ìsọ̀rí àwọn tí kò wúwo ju kílò 55 lọ ló ti díje, kílò 203 sì ni àpapọ̀ ohun tó gbé. Ní ti oyún, gbígbé irin níwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í dí ilé ọmọ. Aboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló yẹ kó kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ fún àwọn obìnrin ni pé eegun wọn máa ń tètè fúyẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, irin gbígbé sì wà lára ohun tó ń dín ìyẹn kù.

Ẹ kíyè sí bí ẹ ṣe ń pè wọ́n o. Ẹni tí a bá sọ fún pé “O ti sanra jù, wá gbé irin” ti gbọ́ èébú, kò gbọ́ ìpè. Ẹ mú ọjọ́ kan àti wákàtí kan tí jíìmù kì í kún, kí ẹ bẹ ọ̀kan nínú wọn pé kó sìn yín lọ, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ohun méjì tàbí mẹ́ta péré. Ọ̀pá gígùn tí àwọn obìnrin ń lò nínú ìdíje wúwo tó kílò 15 kí a tó fi ohunkóhun kọ́ ọ. Ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, irin kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan gbé ló dára fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó ba ọ̀rẹ́ jẹ́.

Ìbéèrè: Jíìmù wọ́n ládùúgbò wa, nítorí náà èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi po sìmẹ́ǹtì sínú agolo wàrà ńlá, a fi páìpù irin so wọ́n pọ̀, a sì ń gbé e ní àgbàlá. Ṣùgbọ́n àwọn tí a bá pè kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí ló dé? — Ọmọ Òṣogbo

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí gbogbo yín ń gbé lẹ gbé fún àlejò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sì jẹ́ pé kò lè gbé ọwọ́ ya irun lọ́jọ́ kejì. Ẹ ṣe ọ̀pá kan tó fúyẹ́ fún àwọn ẹni tuntun. Ẹ wọn agolo méjèèjì lórí òṣùwọ̀n kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà wúwo ju èkejì, ẹ máa wo ibi tí páìpù ti wọ inú sìmẹ́ǹtì bóyá ó ti ń sán, kí ẹnikẹ́ni má sì dá gbé irin lókè àyà láìsí ẹni tó dúró tì í. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìtọ́sọ́nà ọdún 2020, ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ó kéré tán ni kí àgbàlagbà máa fi mú gbogbo iṣan ńláńlá ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìyẹn tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé abẹ́rẹ́ tàbí hóró oògùn tó ń mú iṣan wú wá sí àgbàlá yín, ẹ kọ̀ ọ́, torí ó lè ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè sọ ọkùnrin di ẹni tí kò lè bímọ. Ẹni tó bá sì pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́; ẹ dín irin rẹ̀ kù lọ́jọ́ tó bá padà dé, kó lè gbé e tán kó tó lọ sílé.