Ṣé fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ká mọ̀ bóyá ojúlówó ni máàpù àtijọ́ Guinea (etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà) tí Blaeu, ilé ìtẹ̀wé máàpù kan ní Amsterdam, tẹ̀?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ fọ́tò iwájú nìkan ò tó. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Inú ìwé átíláàsì (àkójọ máàpù) tí wọ́n tẹ̀ ní Amsterdam láti nǹkan bíi 1635 ni máàpù yìí ti sábà máa ń wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ Látìn, Faransé tàbí Dutch máa ń wà lẹ́yìn, ojú ìṣẹ́po á sì gba àárín kọjá. Bí ẹ̀yìn bá ṣófo, ẹ bi í léèrè ìdí.

Lẹ́yìn náà, kó tan iná láti ẹ̀gbẹ́ kó tó yà á. Pátákó bàbà tí wọ́n fín ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ sì máa ń wọnú bébà. Ojú ibẹ̀ á hàn yíká àwòrán.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kó ya ibi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ ní àyasúnmọ́. Ìlà dúdú tó já gaara ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tó bá jẹ́ àmì kéékèèké tótòtó ló para pọ̀ di ìlà, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má bẹ̀rù àbààwọ́n búráùn lẹ́yìn ibi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Ìpẹtà bàbà inú ọ̀dà àtijọ́ ló ń jẹ bébà bẹ́ẹ̀.