Ṣé St. Petersburg ni kí n kọ, àbí Leningrad?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá olóòtú. Ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì ni mò ń kọ ní Yorùbá fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo kọ ọ́ pé, "Àwọn ọmọ ogun Jámánì sé St. Petersburg mọ́ lọ́dún 1941." Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leningrad ló yẹ kí n kọ. Mo wo máàpù, n ò rí ìlú Leningrad kankan níbẹ̀. Èwo ni kí n lò? Ṣé mo sì lè pè é ní Ìlú Pétérù Mímọ́, kó lè dùn létí àwọn ọmọ?

Ìdáhùn: Ẹnì kejì yín ló jàre. Orúkọ tí ìlú ń jẹ́ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ń jẹ́ lónìí tí ẹ jókòó tì bírò.

Ọba Peter ti Rọ́ṣíà ló tẹ ìlú náà dó sétí odò Neva lọ́dún 1703, St. Petersburg ló sì pè é. Nígbà tí Rọ́ṣíà àti Jámánì wọ̀yá ìjà lọ́dún 1914, "burg" kò bá wọn lára mu mọ́, èdè ọ̀tá ni. Wọ́n fi "grad" tiwọn rọ́pò rẹ̀, ìlú lòun náà túmọ̀ sí, ó wá di Petrograd. Lenin, olórí ìjọba Kọ́múníìsì níbẹ̀, kú ní oṣù kìíní ọdún 1924. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di Leningrad. Lọ́dún 1991 àwọn ará ìlú dìbò, wọ́n sì gba orúkọ àkọ́kọ́ padà.

Ẹ wo Shostakovich, ọ̀gá nínú kíkọ orin. St. Petersburg ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1906. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ orin ní Petrograd lọ́dún 1919, ó sì jáde nílé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ní Leningrad lọ́dún 1925. Kò kó kúrò nílùú o! Ṣebí àwa náà mọ àwọn tó wọ Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́dún 1985, tó jẹ́ pé orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà lára ìwé ẹ̀rí wọn.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, àwọn ọmọ ogun Jámánì sé Leningrad, tó ń jẹ́ St. Petersburg lónìí, mọ́." Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ ṣe àlàyé yẹn, lẹ́yìn náà, Leningrad ni kí ẹ máa bá lọ: "Nígbà tí ebi le jù ní Leningrad, búrẹ́dì giramu 125 ni ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ń rí gbà lóòjọ́."

Ibi tí mo ti máa ń fi bírò pupa fa ìlà jù nìyí: bí orúkọ ìlú bá ṣáájú, ẹ má gbàgbé "ti" tàbí "sí". "Leningrad ni wọ́n bí Putin sí lọ́dún 1952." "St. Petersburg ni Argentina ti fi àmì ayò 2 sí 1 na Super Eagles lọ́dún 2018." (Ìlú mẹ́ta ni Super Eagles ti gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti pààrọ̀ orúkọ rí: Volgograd ti jẹ́ Stalingrad, Kaliningrad sì ti jẹ́ Königsberg.)

Orúkọ àtijọ́ kò sì kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ìpínlẹ̀ tó yí ìlú náà ká ṣì ń jẹ́ Leningrad, LED, àmì pápákọ̀ òfurufú ìlú náà tí wọ́n fà yọ látinú Leningrad, ló sì máa wà lára tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀.

Ní ti Ìlú Pétérù Mímọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ ò ní rí i lórí máàpù, wọ́n á sì rò pé ọba yẹn lẹ̀ ń pè ní ẹni mímọ́. Pétérù àpọ́sítélì ni wọ́n fi sọrí ìlú náà. Ọba kàn jẹ́ orúkọ kan náà ni. Àmọ́ ẹ fi "ní Rọ́ṣíà" kún un nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá dárúkọ rẹ̀, torí St. Petersburg kan tún wà ní Florida.