Ta ló ní kí alárinà máa lọ sílé?

Àbúrò kan béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin àti ọkọ rẹ̀ jọ ń gbé ní Mọ́níyà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò jáde láàárín wọn mọ́ ju "ẹ káàárọ̀, ẹ káàbọ̀" lọ, ọmọ ni wọ́n ń rán níṣẹ́ síra wọn nínú ilé kan náà. Òun fẹ́ bá wọn dá sí i, ni ìyá kan nínú ẹbí bá ní kó jìnnà sọ́rọ̀ tọkọtìyàwó, pé ṣebí àwọn àgbà ló ní bójú bá mojú tán, alárinà á yẹ̀ba. Àbúrò yìí wá ní ṣé bí òwe yẹn ṣe rí nìyẹn.

Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi nínú. Mo mọ ibi táwọn èèyàn ti ń kó o. Ẹ lọ sóde ìdána èyíkéyìí n'Íbàdàn yìí lọ́jọ́ Sátidé, alága ìjókòó á gbé máìkì, á ní "ojú ti mojú o, ẹ̀yin alárinà ẹ yẹ̀ba, ẹ má dá sí tiwọn mọ́", onílù á lù ú, wọ́n á náwó fún un, ó tán. Àwọn tó jókòó á gbé e lọ sílé bí òfin. Alága kan ṣe é lójú mi ní gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà, díẹ̀ ló kù kí n dìde gba máìkì lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn míì ní aláìmoore ni òwe náà ń bá wí, pé téèyàn bá ti bá ẹ ṣe tán o ti lé e dànù. Ìyẹn náà wà níbẹ̀, mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ kì í ṣe orí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ alárinà fúnra ẹ̀. Láyé àtijọ́, tí ẹbí ọkọ bá ti fojú sóde tí wọ́n rí ọmọbìnrin tó wù wọ́n, alárinà ni wọ́n á rán. Òun láá wádìí bóyá wèrè wà nílé wọn, tàbí wárápá, tàbí ẹ̀tẹ̀, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá gbèsè wà lọ́rùn wọn. Òun láá gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun láá gbé èsì bọ̀, títí ọmọ á fi jọ́hẹn, títí wọ́n á fi tọrọ tí wọ́n á fi ṣe ìdána. Ọmọbìnrin ọ̀hún, tó bá rí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ńṣe ló máa sá wọ yàrá. Àwọn méjèèjì ò lẹ́nu tí wọ́n lè fi bára wọn sọ̀rọ̀, ẹnu ẹlòmíì ni wọ́n ń yá lò. Ìgbà tí ọkọ bá wá lè sọ tinú ẹ̀ kí ìyàwó sì gbà á gbọ́, ìgbà tí ìyàwó náà lè sọ tiẹ̀ láìbẹ̀rù, ìgbà yẹn lojú tó mojú, ìgbà yẹn ni alárinà tó lè yẹ̀ba. Ìdajì òwe yẹn lẹ ń pa jẹ.

Ẹ wá sọ fún mi, ilé mélòó lojú ti mojú lónìí? Ọkọ ò sọ iye tó ń gbà níbi iṣẹ́, ìyàwó ò sọ iye tó ń dá lájọ. Wọ́n jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, kálukú ti fóònù ẹ̀ pa, ọ̀kan á dìde lóru á máa fi ìka ẹnìkejì ṣí i kó lè ka wásáàpù. Wọ́n sì ti bímọ mẹ́rin o. Ojú ò tíì mojú níbẹ̀, iye ọdún yòówù kí wọ́n ti lò.

Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ń ta aṣọ òkè ní Òjé, ó sì ṣe alárinà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan wá bá a, inú ń bí i gan-an, ó ní ìyàwó òun ti kó àjọ, òun ò mọ ibi tówó wọlé sí, ó dájú pé ọkùnrin ló ń kó o fún. Kò bi obìnrin náà o. Ńṣe ló ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn dé Gbági, tó ń fara pa mọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Màmá ò ní kó lọ ní sùúrù, kò sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyàwó bó ṣe gbóná. Ó ní kó lọ sùn, kó padà wá láàárọ̀ kó tún un sọ. Ó dé láàárọ̀, ó tún un sọ, ó ti yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ti kúrò nínú ẹ̀, ó ku pé òun ò mọ ibi tówó wà. Ìgbà yẹn ni màmá tó ránṣẹ́ pe ìyàwó. Ó mú àwọn méjèèjì jókòó, ó ní kí ìyàwó fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tí ọkọ sọ, kó sọ ọ́ débi tí ọkọ á fi ní "bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn", kó tó fèsì. Ó ní kí ọkọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé àbúrò obìnrin yìí tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ló fẹ́ ṣe fíríìdọ̀mù, kò sẹ́ni tó máa náwó ẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá kó àjọ lé e lọ́wọ́. Kí ló dé tí kò sọ? Ọkọ ẹ̀ ti fìgbà kan sọ nígbà tí wọ́n ń jà pé ìran alágbe ni wọ́n. Látọjọ́ náà ni ìyàwó ti pinnu pé ọkọ òun ò ní í gbọ́ nǹkan kan nípa ilé àwọn mọ́. Ọkọ ò tiẹ̀ rántí pé òun sọ ọ́ rí. Gbólóhùn kan péré, òun ló bí àìsọ̀rọ̀, àìsọ̀rọ̀ bí ìfura, ìfura sọ bàbá ọlọ́mọ di ẹni tó ń ṣọ́ ìyàwó ẹ̀ kiri ọjà.

Iṣẹ́ alárinà gan-an nìyẹn. Tọ́rọ̀ bá sì ju agbára ẹ̀ lọ, àwọn àgbà agbo ilé wà, Mógàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé wà. Báyìí kálukú ti kó kúrò ní Bẹẹrẹ, kúrò ní Ọjà'ba, a ti kọ́lé sí Àkóbọ̀ àti Ológunẹ̀rù, a ò dé agbo ilé mọ́ àfi tí wọ́n bá ń sìnkú tàbí tí wọ́n fẹ́ pín owó ilẹ̀. Ọmọ tó ti níyàwó ò dá Mógàjí ilé ẹ̀ mọ̀ tó bá rí i, ó dùn mí gan-an. Ibi tí tọkọtìyàwó ti wá ń gbọ́ tẹnu ara wọn báyìí ni kóòtù ìbílẹ̀ lórí òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 wà. Ẹ lọ jókòó níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Adájọ́ á ní kí ìyàwó sọ tẹnu ẹ̀, ẹ ó rí i lójú ọkọ pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ọ nìyẹn, níwájú àjèjì, níwájú oníròyìn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ rẹ́jísírì ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, Mápó ò lè tú u, ó di Hai Kọ́ọ̀tù, ó di owó lọ́yà. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Nítorí náà, àbúrò mi, dá sí i. Tó bá jẹ́ pé ọkùnrin yẹn ń lu ẹ̀gbọ́n rẹ ni, alárinà kọ́ lọ̀rọ̀ kàn, kí ẹ̀gbọ́n rẹ kúrò nílé yẹn ná. Tó bá jẹ́ àìsọ̀rọ̀ nìkan ni, má fi ara rẹ ṣe alárinà, àbúrò ìyàwó ni ọ́, ọkọ á ní ẹ ti gbìmọ̀ pọ̀. Béèrè ẹni tó mú wọn mọra wọn, bóyá ọ̀rẹ́ ni, bóyá ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsàlátù. Tí ẹni yẹn ò bá sí mọ́, wá ẹni tó gbẹnu sọ fẹ́bí ọkọ lọ́jọ́ ìtọrọ. Kó lọ bá wọn lálẹ́, òun nìkan, kó gbọ́ tọkọ lọ́tọ̀, kó gbọ́ tìyàwó lọ́tọ̀, kó tó mú wọn jókòó pọ̀. Ẹ má gbé e sórí gúrúùpù wásáàpù ẹbí o, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rán àwọn ọmọ yẹn síra wọn mọ́.