Èsì: Àkọsílẹ̀ ohun ayọ̀ tí ẹ ń pa tì lọ́jọ́ kẹrin

Ẹ ní ẹ fẹ́ máa kọ ohun ayọ̀ kan sílẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa ń pa á tì tó bá di ọjọ́ kẹrin. Ẹ má wá àkókò tuntun fún un o. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ọwọ́ yín ti mọ́. Kí ìwé àti bírò wà lórí ìrọ̀rí, débi pé tí ẹ bá fọ eyín tán lálẹ́, ẹ ò ní lè sùn láìgbé e kúrò. Gbólóhùn kan péré. “Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo wọ bàtà sódì” ti tó.

Àfi tí ohun tí ẹ so ó mọ́ bá jẹ́ ojoojúmọ́ lóòótọ́ ló fi máa ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ òru bá ń da oorun yín rú, oúnjẹ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ jí ni kí ẹ so ó mọ́.

Ti ọjọ́ 21 tí ẹ ní wọ́n sọ fún yín pé ó máa ń gbà kí nǹkan tó mọ́ni lára, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ìwádìí kan láti University College London, tó jáde ní 2010, rí i pé bí ọjọ́ 66 ni ó gba ẹni tó wà láàárín. Ti àwọn kan yá, ti àwọn mìíràn pẹ́ gan-an. Fífo ọjọ́ kan kò sì bà á jẹ́. Èmi gan-an fo méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá.