Èsì: Ẹ̀rọ ìgbẹ́hò tó ń dún díẹ̀, tó sì ń kú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbẹ́ ihò kajú lóko yín ní Kétu ti pẹ́ nílẹ̀. Tí ẹ bá fa okùn rẹ̀, á dún díẹ̀, á kú. Ẹ má tíì náwó sí bùjí tuntun, ìyẹn ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ̀rọ. Tó bá ṣì lè dún díẹ̀ bẹ́ẹ̀, iná ń ta nìyẹn; lójú tèmi epo ni kò dé ibi tó yẹ.

Ẹ da epo àtijọ́ nù, kí ẹ fi wáyà fa ọ̀pá rọ́bà inú táǹkì jáde pẹ̀lú àsẹ́ ẹnu rẹ̀. Bí rọ́bà náà bá ti sán, afẹ́fẹ́ ló ń fà. Lẹ́yìn náà ẹ tú kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Lábẹ́ ìdérí rẹ̀ ni rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà, òun ló ń fa epo wọlé. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: tó bá ń dún pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ bí ewé gbígbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ro àwọn ihò kéékèèké inú kabúrétọ̀ o! Atẹ́gùn ni kí ẹ fẹ́ sí i.

Kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, kò burú, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ po ọ́ìlì 2T (ọ́ìlì ẹ̀rọ tí wọ́n ń pò mọ́ epo) mọ́ ọn, 40 mílílítà sí lítà kan fún irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, àfi tí wọ́n bá kọ nǹkan mìíràn sára rẹ̀. Tó bá ṣì ń kú, ẹ wo ibi tí èéfín ń gbà jáde; ìdọ̀tí dúdú lè ti dí i.