Bátìrì inú ọkọ̀ tí kì í kún: ẹ má tíì ra tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ omi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bátìrì olómi méjì, 12 fóòtì (volt), 200Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà) ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ló wà nínú ọkọ̀ tí ẹ ń sùn sí lórí Odò Ògùn nítòsí afárá Láfẹ́nwá, pánẹ́ẹ̀lì 300 wáàtì kan ló sì ń bọ́ wọn. Kọ̀ntírólà, àpótí tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sí bátìrì, ń tan iná aláwọ̀ ewé lójoojúmọ́, síbẹ̀ fáànù ti ń dúró kó tó di aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra bátìrì. Ohun tó ń pa méjì yìí ló máa pa tuntun náà.

Ẹ yí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì yẹn wò. Bí wọ́n bá kọ Vmp 36 (fóòtì tí pánẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù) àti Imp 8.3 (áńpù rẹ̀ nígbà náà) síbẹ̀, tí kọ̀ntírólà yín sì jẹ́ PWM, irú èyí tó fúyẹ́ tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ńṣe ni PWM ń wọ́ pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ dé fóòtì bátìrì. 8.3 lọ́nà 13, kò ju bíi 108 wáàtì lọ, ìyókù ṣòfò. MPPT, irú kọ̀ntírólà kejì, ló ń sọ fóòtì tó lé di áńpù, á sì fún yín ní bíi 18 sí 20 áńpù lọ́sàn-án gangan. Bí owó rẹ̀ ò bá tíì sí, ẹ wá pánẹ́ẹ̀lì tí Vmp rẹ̀ jẹ́ 18.

Lẹ́yìn náà, waya. Ká ní waya 2.5 mm² lẹ fà láti kọ̀ntírólà dé ìdí bátìrì, mítà 4 péré. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 8. Bí 20 áńpù bá ń gba inú rẹ̀, ó lé ní fóòtì kan tó ń sọnù sójú ọ̀nà. Kọ̀ntírólà á rí 14.4, á ní bátìrì ti yó, á sì dín iná kù, bẹ́ẹ̀ bátìrì ò rí ju 13.3 lọ. Ẹ lo waya 10 mm², kí ẹ sì gbé kọ̀ntírólà sún mọ́ bátìrì. Lọ́sàn-án, ẹ fi tẹ́sítà wọn ìdí kọ̀ntírólà, kí ẹ tún wọn orí òjé bátìrì gan-an, kì í ṣe orí kílámpù. Bí ìyàtọ̀ bá ju 0.3 lọ, ó níbi tó ń dì í lọ́wọ́.

Ibi tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ wá nìyí. Bátìrì olómi máa ń tètè gba iná títí á fi tó bíi ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ìdá méjì tó kù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń gbà á: kí ẹ di 14.4 sí 14.8 mú fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó kún nígbà tí iná tó ń wọ 400Ah yín bá rọ̀ sílẹ̀ sí áńpù 4 sí 8 lórí fóòtì yẹn. Bí kò bá kún fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, ohun funfun á gan mọ́ òjé inú rẹ̀, á le, ibi tó gan mọ́ kò sì ní gba iná mọ́. Ìdí nìyí tí jẹnẹrétọ̀ wákàtí kan lálẹ́ kò fi wúlò. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ tàn án, pẹ̀lú chájà 40 áńpù, nígbà tí ebi ń pa bátìrì. Kí oòrùn wá fara balẹ̀ parí rẹ̀. Lásìkò òjò, ó kéré tán, kó kún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ẹ má fi iná aláwọ̀ ewé mọ̀ ọ́n. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta láìsí oòrùn: 12.7 ti kún, 12.2 ti dé ìdajì, ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ibẹ̀. Èyí tó dájú jù ni ìgò olórí rọ́bà tí àwọn rẹ́wáyà fi ń fa ásíìdì wò. Ẹ fà á nínú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. 1.265 ni ó yẹ kí ẹ rí (ìwọ̀n bí ásíìdì ṣe ki tó), tàbí 1.240 fún ọ̀pọ̀ bátìrì tubular, irú èyí tí òjé inú rẹ̀ rí bí ọ̀pá. Bí ihò kan bá fi 0.030 rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, ẹ fún bátìrì náà ní 15.5 fóòtì fún wákàtí kan sí méjì, kí fèrèsé ṣí, kí ẹ má dáná, kí ẹ sì yọ gbogbo ohun tó ń lo iná kúrò lára rẹ̀. Bátìrì gel, èyí tí ásíìdì inú rẹ̀ kì í ṣàn, kò gbọ́dọ̀ rí irú fóòtì yìí láéláé.

Bí inú yàrá ọkọ̀ bá tó 35 dígírì, ẹ yọ 0.3 kúrò nínú fóòtì cháàjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á tètè gbẹ. Omi distilled nìkan lẹ máa bù sí i, lẹ́yìn tí iná rẹ̀ bá kún. Kì í ṣe ásíìdì, kì í ṣe omi odò.

Inverter tí ẹ kò pa ńkọ́? 15 wáàtì péré, fún wákàtí 24, jẹ́ bíi 30Ah. Fáànù 25 wáàtì tó ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀ kò jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo tí n kò ní fojú fò: pọ́ńpù tó ń fa omi ìdí ọkọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú LOAD kọ̀ntírólà, ibi tí kọ̀ntírólà fi ń fún àwọn nǹkan níná, lónìí. Bí bátìrì bá rẹlẹ̀, kọ̀ntírólà á gé LOAD, pọ́ńpù á dákẹ́, omi á sì máa wọlé nígbà tí ẹ ń sùn. Tààrà láti bátìrì ni kí waya rẹ̀ ti wá, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀ ní ìdí pósítíìfù, kí odò tó kún nínú oṣù kẹsàn-án.