Ṣé òṣùwọ̀n ló bàjẹ́ ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. SS3 ni mo wà, à ń múra WAEC lọ́wọ́. Mo wọn 2.65 g sodium carbonate, mo pò ó mọ́ omi di 250 cm³, mo wá ń fi ásíìdì titrate ẹ̀ (ìyẹn ni pé mò ń kán ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa tó, kí n lè mọ iye tó gbà). Pìpẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń fa iye omi kan pàtó) ò kárí wa, bíkà (ife gíláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò) ni mo fi ń wọn 25 cm³ tí mò ń dà sínú flask. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, iye ásíìdì tó lọ nìyí: 24.60, 23.80, 25.10 cm³. Tíṣà wa ní òṣùwọ̀n ni ò da mọ́. Ṣé òótọ́ ni mà?

Ìdáhùn: Tíṣà yín má bínú o, òṣùwọ̀n ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú eléyìí. Wò ó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo lò ó, inú ìgò kan náà lo sì ti ń bu gbogbo ẹ̀, tó bá jẹ́ òun ló ṣì ẹ́ lọ́nà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá jọ ṣìnà síbì kan náà ni. Tìẹ ń sá kiri, ọ̀kan sókè ọ̀kan sísàlẹ̀, ohun tí ò ń tún ṣe nígbà gbogbo ló ń fa ìyẹn. Bíkà ni.

Yẹ ara ẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ ±5% sí. 5% nínú 25 cm³ jẹ́ 1.25, bẹ́ẹ̀ àwọn titre (iye ásíìdì tó lọ) tó o máa fi wá average ò gbọ́dọ̀ fi ju 0.20 cm³ lọ jìnnà síra. Ẹnu ẹ̀ ló fẹ̀ jù, kí omi ṣáà ga ju ìlà lọ bíi nínípọn káàdì ATM, ó ti tó bíi 1 cm³ nìyẹn. Ọrùn pìpẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín, ìdí nìyẹn tí tiẹ̀ fi ń pé.

Tó ò bá gbà mí gbọ́, gbé bíkà gbígbẹ sórí òṣùwọ̀n tẹ́ ẹ̀ ń bú yẹn (ẹ pa fáànù o, atẹ́gùn ẹ̀ kì í jẹ́ kí nọ́ńbà dúró), dá a padà sí 0, bu omi dé ìlà 25, kó o wò ó bóyá ó máa jẹ́ 25 g, torí 1 cm³ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 g gẹ́lẹ́. Mo ní káwọn ọmọ kan ṣe é lọ́dọ̀ wa, ẹni àkọ́kọ́ rí 23.4, èkejì rí 26.1, ni ẹ̀rín bá sọ, wọ́n ní bíi kóńgò gàrí tí wọ́n ti lù nídìí.

Tí pìpẹ́ẹ̀tì ò bá kárí, yá bùrẹ́ẹ̀tì kejì (ọ̀pá gíláàsì gígùn onílà tí 0 ẹ̀ wà lókè, tí wọ́n ń ṣí nísàlẹ̀). Sodium carbonate yẹn gan-an ni kó o fi ṣan inú ẹ̀, kì í ṣe omi, flask nìkan lomi wà fún. Rọ ọ́ kún dé 0, yọ fúnẹ́ẹ̀lì kúrò lórí ẹ̀ kó má lọ kán sí i, kó o wá jẹ́ kó sọ̀ sínú flask dé 25.00. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kójú ẹ bá ojú omi dọ́gba, ìsàlẹ̀ ibi tó tẹ̀ kòtò lo máa kà.

Tó bá sì wá kan ẹ lórí pìpẹ́ẹ̀tì, jọ̀ọ́ má fẹ́ èyí tó kù lẹ́nu ẹ̀ jáde, wọn ò ka ìyẹn mọ́ 25 náà. Ṣáà fi ẹnu ẹ̀ kan ara flask, kó o gbé e kúrò.